"Ta Ló Ka Pírúùfù?": Ọ̀ràn Bàbá Kọ̀mpósítọ̀ Kan àti Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́ ní Ṣómólú

Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kí n tó kọ èyí sílẹ̀. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn, kí n má sì sọ ibi tí wọ́n ń gbé ju Ṣómólú lọ. Bàbá fi ọ̀kan kún un: ó ní kí n rí i pé mo fi àmì sórí ọ̀rọ̀ mi. Mo ti gbìyànjú.

Nọ́ọ̀sì ìlera àwùjọ ni mí. Èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì mélòó kan, pẹ̀lú àwọn olùyọ̀ǹda láti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, la jọ ń bẹ àwọn àgbàlagbà wò nílé wọn láti Fádéyí títí dé Bàrígà. Ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta la fọwọ́ ara wa dà á rú. Nígbà tó sì wá dára, kì í ṣe àwa la ṣe é. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí irú iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Bí a ṣe bá a

Ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní Kánádà ló pè wá. Ó ní Bàbá kì í gbé fóònù mọ́, bó bá sì gbé e, "mo wà" ló máa sọ, á wá dákẹ́. Oṣù keje rèé tí ìyá wọn ti kú. Ẹni ọdún 76 ni Bàbá, yàrá méjì ló ń gbé lẹ́yìn ilé kan tí wọ́n ti sọ iwájú rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan wà ní Ìkòròdú tó máa ń wá lóṣooṣù. Á gbé ìrẹsì àti owó kalẹ̀, á sì tètè sá lọ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má bàa ká a mọ́ ọ̀nà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 178 lórí 100. Páálí amlodipine mẹ́ta, oògùn ìfúnpá gíga, wà nínú ọ̀rá lórí tábìlì. Ọ̀kan péré ló ti ṣí, hóró mẹ́rin ló sì ti kúrò nínú ìyẹn. Ara rẹ̀ ti rù. Ṣùgbọ́n ó wẹ̀, ó fá irùngbọ̀n, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kì í ṣe ẹni tó ti sọ ara rẹ̀ nù. Ó kàn jókòó ni. Mo bi í pé kí ló máa ń ṣe láti àárọ̀.

"Mo máa ń retí alẹ́."

"Bí alẹ́ bá wá lẹ́ ńkọ́, sà?"

"Mo máa ń retí àárọ̀."

Mo kọ ọ́ sínú fáìlì: ìyàwó rẹ̀ ti kú, atẹ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, ó ń dá gbé, yàrá kún fún ẹrù àtijọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìlà tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn. Ohun tí mo pè ní ẹrù àtijọ́ ni àpótí onígi pẹlẹbẹ mẹ́fà tí wọ́n tò léra ní igun yàrá, tí inú ọ̀kọ̀ọ̀kan pín sí ojúlé kéékèèké bí afárá oyin. Bọ́tìnnì wà nínú àwọn kan, ìṣó wà nínú àwọn mìíràn, títí kan owó kọ́bọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ná mọ́. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n kó wọn dànù kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé. Mo tilẹ̀ sọ fún ọmọ tó wà ní Ìkòròdú bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí bí ènìyàn ṣe ń bá ènìyàn ṣe pọ̀, wọ́n ní ìdánìkanwà ti di ọ̀ràn ìlera. Ọ̀rọ̀ yẹn gbóná láàárín wa nígbà náà. A sì ti gbọ́ nípa ètò kan ní Zimbabwe tí wọ́n ń pè ní Friendship Bench. Lọ́dún 2006, dókítà àrùn ọpọlọ kan, Dixon Chibanda, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìyá àgbà 14 ní Mbare, ní ìlú Harare. Ó kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe jókòó lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo, kí wọ́n sì bá a wá ojútùú sí ìṣòro rẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n gbé jáde lórí rẹ̀ ní 2016 fi hàn pé ó ṣiṣẹ́. A ní àwa náà á ṣe irú rẹ̀. A kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, a fi ọjọ́ kan kọ́ wọn, a pín wọn sílé-sílé.

Ọmọbìnrin méjì, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, la pín fún Bàbá. Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Ní aago mẹ́wàá gbogbo ọjọ́ Sátidé, wọ́n á gbé ọsàn àti búrẹ́dì wá, wọ́n á kúnlẹ̀ kí i, wọ́n á gbá ilẹ̀ tó ti gbá, wọ́n á sì máa ka ìwé ìròyìn sí i létí gbuurugbu bí ẹni pé adití ni. Wọ́n á ya fọ́tò. Bàbá á ní ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Ní Sátidé kẹrin, ó tilẹ̀kùn, ó sì dákẹ́ sínú ilé. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó kọ ìbẹ̀wò" ni mo kọ sí fáìlì. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ńṣe la dojú ètò àwọn ará Zimbabwe délẹ̀. Lọ́hùn-ún, àgbà ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún, òun ni wọ́n ń wá bá. Àwa fi àgbà sí ipò aláìsàn, a ní kí ọmọdé wá ṣàánú rẹ̀. A tilẹ̀ kọ òwe pẹpẹ àti akèrègbè gàdàgbà sára báńnà ètò náà. Ta ló bi Bàbá bóyá ọwọ́ rẹ̀ kò wọ akèrègbè? Ó lè gbálẹ̀. Ó lè ka ìwé ìròyìn. Ohun tó lè ṣe fúnra rẹ̀ la ń bá a ṣe. Èyí tó mọ̀ tí ọmọdé kò mọ̀, òun la fẹ́ kó dànù nítorí atẹ́gùn.

Ìgbìyànjú kejì kò tó nǹkan tí à ń rò. A mú un lọ sí ẹgbẹ́ àgbàlagbà kan kí ó lọ máa ta ayò. Ẹ̀ẹ̀kan ló lọ. Ó ní wọ́n ní kí òun pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ bàjẹ́

Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé náà. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ìwé títẹ̀ ló gba ibẹ̀ kan: onípépà wà níhìn-ín, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kọ́ọ̀dù tẹ̀ ẹ́ wà lọ́hùn-ún, ẹni tó ń gé e wà ní kọ̀rọ̀, ẹni tó ń dì í wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Dísáìnì ni iṣẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù yìí: káàdì ìpè, pósítà, ìwé ètò ìsìnkú. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan wà níbẹ̀, ẹni ọdún 18, ọmọ Ìjẹ̀bú, inú ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn. Ó ti ń kí Bàbá "ẹ káàárọ̀, sà" fún ọdún kan gbáko, kò sì sí ohun mìíràn tó dà wọ́n pọ̀. Kò sí nínú ètò wa. Ká ní wọ́n ní kí n yan ọ̀dọ́ fún Bàbá, òun ni mo máa fò kọjá: gbogbo ìgbà ni nǹkan ń kọrin létí rẹ̀, kì í sì í gba ìbáwí.

Ọjọ́bọ̀ kan, mo wá wọn ìfúnpá, mo gbọ́ ariwo níwájú ilé. Àwọn kan ti gba ìwé ètò ìsìnkú bàbá wọn, 300 ẹ̀dà, wọ́n sì ti dá gbogbo rẹ̀ padà. Lójú ìwé karùn-ún ni opó ti dágbére fún ọkọ rẹ̀, "Ọkọ mi" ló sì fi bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sísàlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ pé Yorùbá gbọ́dọ̀ ní àmì lórí, ló bá ń wọ́n ọn síbi tó bá ti rí àyè, bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹ yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, kí ẹ wá fi àmì òkè lé ìdí rẹ̀. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ìgbà mẹ́fà ló wà lójú ìwé kan ṣoṣo.

Ọ̀gá ń pariwo pé ọmọ náà ni yóò san owó pépà. Ọmọ náà dúró gbagidi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Bàbá jáde láti ẹ̀yìn ilé, pẹ̀lú ìdè ẹ̀rọ ìfúnpá mi lápá rẹ̀. Ó gba ẹ̀dà kan, ó yọ awò ojú lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ó dé ìkarùn-ún. Èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé nǹkan ti ṣe é, mo ti sún mọ́ ọn láti gbá a mú. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lulẹ̀ sórí bẹ́ńṣì àwọn kọ́sítọ́mà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rín tirẹ̀ láìmọ ìdí. Ọmọ olóòkú tó wá dá ìwé padà pàápàá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tó mí kanlẹ̀, Bàbá bi ọmọ náà pé, "Ta ló ka pírúùfù?"

"Pírúùfù kí ni, sà?"

Pírúùfù ni ẹ̀dà tí wọ́n máa ń kà láti mú àṣìṣe kí wọ́n tó tẹ ìwé. Ẹ̀rín tán lójú Bàbá. Ó wo ọ̀gá. "Ẹ̀yin náà, ẹ ò kọ́ ọ?"

Àpótí lẹ́tà

Kọ̀mpósítọ̀ ni Bàbá. "Atẹ̀wé" tí mo kọ sí fáìlì kò tọ̀nà: atẹ̀wé ló ń wa ẹ̀rọ, kọ̀mpósítọ̀ ló ń to lẹ́tà. Ó wọ iṣẹ́ ní 1965, títí kọ̀ǹpútà fi gbà á lọ́wọ́ wọn, ohun tó ń ṣe ni pé kí ó mú lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àpótí, kí ó tò ó sórí irin kan tó ń bẹ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, kí orí lẹ́tà wà nísàlẹ̀, kí ó sì máa kà á ní ìdojúdé. Àpótí lẹ́tà ni ẹrù àtijọ́ mi. Ojúlé kan fún lẹ́tà kan. Òyìnbó ló pín ojúlé wọ̀nyẹn fún èdè tirẹ̀, àwọn tó ń to Yorùbá ló ń wá ibi tí wọ́n á rọ ẹ, ọ àti ṣ sí. Bàbá ní lẹ́tà tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀ ló máa ń tètè tán. Bó bá tán, wọ́n á tẹ èyí tí wọ́n ti tò, wọ́n á tú u palẹ̀, kí wọ́n tó lè to ojú ìwé tó kù.

Ọmọ náà ti gbọ́ gbogbo èyí kí n tó gbọ́ ọ. Bàbá mú ìwé ètò ìsìnkú náà wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, báírò pupa ti kún inú rẹ̀: 63 ni àṣìṣe tó rí. Ó ní kí ọmọ náà jókòó kí ó máa ka ọ̀rọ̀ sókè, dò, re, mí, nítorí ojú máa ń purọ́, etí kì í fi bẹ́ẹ̀ purọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ náà yọ nǹkan etí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní ẹ, ọ àti ṣ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní ojúlé tiwọn. Lẹ́tà ni, àmì á wá gùn ún lórí. Bí fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, kò bá mọ̀ ọ́n gbé, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jáde dípò rẹ̀.

"Bàbá, àpótí ló ń gbé jáde o."

Bàbá tẹ orí wò ó. "Kò sí nǹkan nínú àpótí yẹn. Lẹ́tà ti tán nìyẹn. Lọ yá ní ṣọ́ọ̀bù kejì."

Ọmọ náà kò sùn. Ó dán fọ́ǹtì 11 wò, méjì ló gbé àmì dúró dáadáa. Ó lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá ní aago mẹ́fà àárọ̀ láti fi hàn án. Èmi tí mo ti ń kan ilẹ̀kùn yẹn láti oṣù méjì, kò sí ọjọ́ tó yára ṣí i fún mi bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá fẹ́ kí Bàbá máa ka gbogbo iṣẹ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó pè é ní àdúrà àgbà. Bàbá ní 200 náírà ni ojú ìwé kan. Ọ̀gá ní ó ti pọ̀ jù. Bàbá pa awò rẹ̀ dé. Wọ́n gbà. Owó Kánádà ju èyí lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n owó Kánádà ló fi ń ra ìrẹsì. Owó pírúùfù ló fi ń ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún ara rẹ̀ àti fún ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́.

Ìjà méjì

Ìjà àkọ́kọ́ dá lórí àkọtọ́. Bí ọmọ náà bá kọ "ayé", Bàbá á fi báírò sọ ọ́ di "aiye". "Ènìyàn" á di "enia", "wọ́n" á di "nwọn", bó ṣe wà nínú Bíbélì àtijọ́. Ọmọ náà ní wọn ò kọ́ àwọn bẹ́ẹ̀ nílé ìwé. Bàbá ní ilé ìwé wo? Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo ilé ló gbọ́. Ọmọ náà pe Ìjẹ̀bú pé kí wọ́n bá òun wá ìwé Yorùbá tí òun lò ní JSS, ó sì gbé e síwájú Bàbá. Lóòótọ́, ìpàdé tí àwọn ìjọ ṣe ní Èkó ní 1875 ló fi ẹsẹ̀ àkọtọ́ àtijọ́ múlẹ̀, ní 1974 ni ìjọba sì fọwọ́ sí èyí tí à ń lò báyìí. Bàbá mọ̀. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ to méjèèjì. Ó ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gbé iṣẹ́ wá kò yí padà, kọ́sítọ́mà ló sì ni ọ̀rọ̀. Wọ́n fẹnu kò: bó bá jẹ́ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n bi wọ́n léèrè; èyí tó bá kù, kí ti ọmọ náà ṣẹ. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ìjà yìí dà mí láàmú nígbà náà, mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti fẹ́ bàjẹ́. Òye rẹ̀ yé mi báyìí. Àwọn olùyọ̀ǹda wa, "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni ṣáá. Láti ọjọ́ tí ìyàwó Bàbá ti kú, kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀ kó sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìjà kejì, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kí ètò wa gba ògo rẹ̀. Mo pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fún un ní fọ́ọ̀mù. Kí ó máa fi àmì síbẹ̀ bí Bàbá bá ti lo oògùn, kí ó máa kọ bí ara rẹ̀ ṣe rí, a ó sì máa fún un ní 5,000 náírà lóṣù. Lórí fọ́ọ̀mù náà, orúkọ Bàbá wà lábẹ́ "Ẹni tí à ń tọ́jú". Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi í lójoojúmọ́ pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti lo oògùn?" bíi wọ́dà. Lóṣù kejì, Bàbá rí fọ́ọ̀mù náà lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù.

"Èló ni wọ́n ń san fún ọ?"

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún, sà."

"Láti máa bá mi sọ̀rọ̀?"

Ó gbé báírò rẹ̀, ó wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìfúnpá rẹ̀ tó ti sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ tún gòkè. Ọmọ náà wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó gbé 8,000 náírà sórí tábìlì. Ó ní òun ti ná 2,000, òun á wá san án. Kò jókòó.

Mo lọ bẹ Bàbá. Mo kúnlẹ̀, mo ya fọ́ọ̀mù náà lójú rẹ̀. Kò bínú bí mo ṣe rò. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin náà ò fún wa ní pírúùfù kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Oògùn mi, ẹnu mi. Ẹ bá èmi sọ ọ́."

Mo bá a sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, fún bíi wákàtí kan: ohun tí amlodipine ń ṣe, ìdí tí kì í fi í ṣe oògùn orí fífọ́ tí à ń lò bó bá wù wá. Èmi tí mo ti ń bọ̀ láti oṣù mẹ́rin, n kò tíì ṣàlàyé rẹ̀ fún un rí. Ọmọ rẹ̀ ni mo ń ṣàlàyé fún lórí fóònù. Nígbà tí mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, ó ti kó bọ́tìnnì kúrò nínú àpótí lẹ́tà kan. Hóró oògùn kọ̀ọ̀kan wà nínú ojúlé tirẹ̀, láti 1 dé 31. Ọmọ náà ló tẹ nọ́ńbà wọn sára pépà pélébé, tó gé wọn, tó lẹ̀ wọ́n.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, 144 lórí 86 ni mo bá. Ẹ má ṣe kọ ọ́ síbì kankan pé ọ̀rẹ́ ló sọ ọ́ kalẹ̀. Oògùn ló sọ ọ́ kalẹ̀, nígbà tó wá ń wọ ẹnu.

Ohun tó yí padà lọ́dọ̀ wa

A ti yọ "iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀" kúrò nínú fọ́ọ̀mù ìbẹ̀wò àkọ́kọ́, nítorí ọ̀rọ̀ kan péré ni àwọn ènìyàn fi ń dáhùn rẹ̀. Ohun tí à ń béèrè báyìí ni: kí ni nǹkan tí inú máa ń bí yín bí ẹ bá rí ẹni tó ń ṣe é láìdáa? Ẹ dán an wò. Ìyá kan ní Bàrígà fi ogójì ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ọmọ òde òní ṣe ń ro àmàlà ní kókó. Òmíràn ní kò sí nǹkan kan, pé oorun ló wu òun. A jẹ́ kó sùn.

A kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni mọ́ láti bá àgbà jókòó. Bí iṣẹ́ bá wà láàárín wọn, kí owó iṣẹ́ wà, kí ẹni tó ṣe é gbà á, yálà àgbà tàbí ọmọdé. A ṣì ń ṣọ́ra: ojú gbangba ni kí wọ́n máa pàdé, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má yá ẹnì kejì lówó láìjẹ́ pé ilé mọ̀. Àwọn ọmọ bíbí náà ní ẹ̀dùn tiwọn. Ọmọbìnrin tó wà ní Kánádà sunkún fún mi lórí fóònù pé Bàbá ń sọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ju ti òun lọ. N kò ní èsì tó dára fún un. Mo ní kó fi nǹkan tó bá kọ ní Yorùbá ránṣẹ́ sí Bàbá kó bá a wò ó. Ó ti ń ṣe é. Bàbá kì í dá a sí, kódà àdúrà ọjọ́ ìbí ló ń fi báírò pupa kọ nǹkan sí.

Èyí tó kó mi láyà sókè jù ni ìgbà tí ọmọ náà wọlé sí Yaba Tech. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kílò méjì ni Bàbá fi dín. Mo ti ń ronú ẹni tí a ó fi rọ́pò, mo sì ti fẹ́ kọ ọ́ sí ìwé, nígbà tí mo dé ibẹ̀ tí mo bá ọmọbìnrin kan, ẹni ọdún 16, ìkọ́ṣẹ́ tuntun, tó jókòó ti Bàbá tó ń ka ìwé ìgbéyàwó sókè ní dò-re-mí. Ọmọ náà ti mú un wá kó tó lọ, ó ti fi fọ́ǹtì méjèèjì hàn án. Ọjọ́ Sátidé lòun fúnra rẹ̀ ń wá, nígbà tí kò bá sí ìdánwò.

Nígbà tí mo gbàṣẹ láti kọ ìtàn yìí, Bàbá ní òun fẹ́ rí ohun tí mo ti ń kọ nípa òun látẹ̀yìnwá. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Mo gbé fáìlì náà fún un. Ó yọ awò, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ láìsọ nǹkan, ó dé ìlà tó sọ pé yàrá kún fún ẹrù àtijọ́, ó mú báírò pupa.

"Àmì yìí, Nọ́ọ̀sì. Bí ẹ ṣe kọ ọ́, ẹrú lẹ kọ. Ẹ ní yàrá mi kún fún ẹrú àtijọ́." Ó tún un ṣe, ó ṣí ojú ìwé kejì. "Ojú ìwé mọ́kànlá. Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé igba."

Mo sanwó.